Àwòrán Ìbejì Tó Wà ní Yàrá Ìyá Mi

Bí ẹnì kan bá tún dìde níwájú mi lónìí tó ní òun fẹ́ gba àṣà wa là, mo lè ju bàtà lù ú. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, n kò sì ní í kọ̀wé bí ẹni pé ó ti rọlẹ̀. Olùkọ́ ni mí. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Iléṣà, ṣùgbọ́n Ọ̀fàtẹ̀dó ni mò ń gbé, níbi tí mo ti ń gun ọ̀kadà dé gáréèjì láràárọ̀ kí n tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìtàn ló yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun àtijọ́. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé àwòrán ìyá mi jáde nílé.

Yàrá ìyá mi ní Òkè-Baálẹ̀ ni àwòrán náà wà, lókè ibùsùn rẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyá mi ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì níwájú ilé. Ìbejì ni. Òun ló kọ́kọ́ tọ́ ayé wò, èkejì rẹ̀ kẹ́yìn dé, ìyẹn ni pé èkejì yẹn ni ẹ̀gbọ́n. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Èkejì náà kò pẹ́ láyé. Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú, a á ní ó rìnrìn àjò. Ó ti rin ìrìn àjò tirẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Bàbá tó bí ìyá mi, Mùsùlùmí tó ń rán fìlà, kò gbà kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì wọ ilé rẹ̀. Ó ní ère kì í wọlé tí wọ́n ti ń kírun. Ìyá tó bí ìyá mi kò sì gbà kí ọmọ òun lọ láìsí ojú kan tí òun á máa rí. Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ni ìjà yẹn parí sí. Ohun tí wọ́n gbé bọ̀ níbẹ̀ ni àwòrán dúdú àti funfun kan: ọmọdébìnrin méjì, gáwùn kan náà, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kìíní àti ẹ̀gbẹ́ kejì àga kan, oníkálukú gbé ọwọ́ lé apá àga tó wà níwájú rẹ̀. Ìyá mi wà lápá òsì, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó di ẹnu pọ̀, ó sọ orí kalẹ̀ díẹ̀, ó ń fi ìsàlẹ̀ ojú wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ báni wí. Ìlà tín-ín-rín kan gba àárín àga náà kọjá láti òkè délẹ̀. Gíláàsì ló sán, lójú tèmi. Àwòrán kan ṣoṣo yẹn ni ojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kù láyé.

Aṣọ funfun ni ìyá mi fi ń bò ó. Láràárọ̀, tó bá ti kírun àsùbáà tán, á ká aṣọ náà sókè, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi." Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń fi "ẹ" kí ọmọdé, inú ọmọdé náà ò sì dùn sí i rárá, kí ẹ kàn wo ojú rẹ̀. Àwa ọmọ máa ń fi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá wa. Bó bá se ẹ̀wà, á bu fún àwọn ọmọ àdúgbò nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí àáfà bá wá kí i, aṣọ á tètè wálẹ̀. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fóònù sókè sí àwòrán náà rí. Àbúrò mi ọkùnrin dán an wò nígbà kan, ìyá mi gbá a lọ́wọ́, fóònù olówó ńlá já lulẹ̀, kò sì bẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni àwọn agbàṣàlà dé. Ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, wọ́n gba yàrá méjì ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Iléṣà, wọ́n ní àwọn ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ láti Òṣogbo dé gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, pé àwọn á gbé wọn sórí ayélujára kí ọmọ Yorùbá níbikíbi lè rí ibi tó ti wá. Olórí wọn wá bá wa sọ̀rọ̀ nílé ìwé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, á tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì mọ ìtàn ju èmi tí wọ́n ń sanwó ìtàn fún lọ. Ó tan àwọn fọ́tò náà sára ògiri gbọ̀ngán wa. A rí àwọn oníṣòwò aṣọ tó so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere. A rí ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tó dúró lójú ọ̀nà Ẹ̀sà-Òkè, eruku ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di funfun. Àwọn ọmọ tí kì í dákẹ́ fún mi, wọ́n dákẹ́. Orí mi wú. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ní ilé tiwa náà ní ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ ìyá mi.

"Màmá, bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Bí ikán bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ikán ò jẹ ẹ́. Àbí ìwọ ni o fẹ́ rán wọn sí i?"

"Àwọn ọmọ-ọmọ yín tó wà ní Kánádà ò mọ ẹ̀gbọ́n yín."

Ibẹ̀ ni mo ti mú un. Ó ń to bọ́tìnnì sínú agolo. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé wọ́n á lè máa rí i níbẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, Màmá. Tó bá ti débẹ̀, kò lè sọnù mọ́ láéláé."

Ẹnu mi yìí náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ àwòrán náà kalẹ̀ tòun ti férémù rẹ̀, ó fi aṣọ funfun yẹn wé e, ó ní n ò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ nínú ọkọ̀, itan ni kí n gbé e lé. Mo gbé e lé itan láti Òṣogbo dé Iléṣà. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ọmọ tuntun ni.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí mo rí i lórí fóònù mi. Àkókò ìsinmi ni, mo wà ní yàrá àwọn olùkọ́, mò ń jẹ ẹ̀pà. Àbúrò mi obìnrin ti gbé e sínú gúrúùpù ẹbí wa, ó kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ti ilé wa kọ́ nìyí?" Ti ilé wa ni. Ọmọdébìnrin kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó di ìlàjì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọbìnrin kan ní Òṣogbo láyé àtijọ́." Apá òsì ti lọ. Ìyá mi ti lọ. Ẹni tó rìnrìn àjò ló kù, òun nìkan, ó di ẹnu pọ̀.

Mo ti ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ta ló bí ọmọ yìí nínú?" Ẹlòmíì ní ó jọ ìyá ọkọ òun lọ́jọ́ tí òun wọlé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé fóònù sókè sí ni wọ́n sọ di ẹni yẹ̀yẹ́ yìí. Ohun tó tún dẹ́rù bà mí ju yẹ̀yẹ́ lọ ni pé wọ́n ti gé alààyè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti lọ. Mo ní oyè yunifásítì. Kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Ohun tí gbogbo ìyá àgbà tó tọ́ mi sọ fún mi ló ń sáré nínú orí mi, pé ìbejì tó bá dá wà á máa wá èkejì rẹ̀.

Bí agogo ìparí ṣe lù, mo kọrí sí ọ́fíìsì wọn. Mo gun àtẹ̀gùn náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Olórí wọn nìkan ni mo bá níbẹ̀, ó dìde, ó tẹríba díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sí ulé wa, mà. Èmi gan-an ti fẹ́ pè yín."

"Níbo ni ìyá mi wà?" Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé aṣọ funfun yẹn jáde, ó tú u sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Férémù ti kúrò. Gíláàsì wà lọ́tọ̀, bébà wà lọ́tọ̀. Ó ní ọ̀rinrin ọdún pípẹ́ ti lẹ fọ́tò náà mọ́ gíláàsì. Ó ní òun ti fi ẹ̀rọ ya ẹ̀dà rẹ̀ láti orí gíláàsì, ṣùgbọ́n kò mọ́ tó bí òun ṣe fẹ́, ni òun bá ní kí òun ṣí i kúrò kí òun lè ya èyí tó dára jù. Apá òsì ṣí. Apá ọ̀tún kọ̀, ó bá gíláàsì lọ. Mo wo bébà náà. Ìyá mi wà níbẹ̀ lápá tirẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lápá kejì, funfun ni, gbágungbàgun, bí ara ògiri tí wọ́n ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Kò sí ju àbàwọ́n dúdú lọ lára gíláàsì.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ́kọ́ yà wà nínú ẹ̀rọ. Òun lẹ rí lórí ayélujára yẹn."

"Ìlàjì ni mo rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. A gé e, nítorí ẹni kan náà ni àwọn méjèèjì."

Mo ní ìbejì ni wọ́n, báwo ni wọn ò ṣe ní í jọra. Ó ní kí n jókòó. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣí ibi kan tó pa mọ́ sí: iwájú orí ọmọ méjì, tó ti fẹ̀ lójú, tó gé sọ́tọ̀ láti ara àwòrán yẹn. Kò sí ojú níbẹ̀, kò sí ẹnu, àfi iwájú orí nìkan. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpá kékeré kan wà lókè ìpéǹpéjú òsì, ó tẹ̀ bí èékánná. Mo mọ àpá yẹn. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo sọ fún un pé ìyá mi ṣubú lu ọlọ nígbà tó ń kọ́ ìrìn.

"Ṣé ìbejì máa ń ṣubú lu ọlọ pọ̀ ni?" ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí olùkọ́ tí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ fẹ́ mọ ìdáhùn. "Àṣà wa ni, mà. Bí ọ̀kan bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, onífọ́tò á wá so méjèèjì pọ̀ nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀. Ìlà tó wà láàárín àga yẹn, ibi tó ti so ó nìyẹn. Fọ́tò ló wá rọ́pò ère ní ilé àwọn Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ohun tó rẹwà púpọ̀ ni."

Mo ti máa ń rò pé kí ẹ̀gbọ́n náà tó lọ ni wọ́n ti yà á, pé wọ́n kàn lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ onífọ́tò ni. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń wo ọmọ méjì, ọmọ kan ni. Ojú tí ìyá mi ń kí láràárọ̀, ojú ara rẹ̀ ni. Mo rò ó pé kò mọ̀. Mo rò ó pé ìyá rẹ̀ kàn sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí, òun náà gbà á gbọ́ fún àádọ́rin ọdún.

"Nígbà náà, ẹ mọ ohun tó jẹ́," mo ní.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì gé e."

"Òótọ́ ni iṣẹ́ wa, mà. Ẹni kan ló wà níbẹ̀. Bí a bá kọ ‘ìbejì’ sábẹ́ rẹ̀, a ti parọ́ fún gbogbo ayé nìyẹn. Ọ̀tún ló mọ́lẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí a fi mú ọ̀tún." Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àrà tí àwọn onífọ́tò ayé àtijọ́ ń dá, àwọn á fi àpá méjèèjì hàn, àwọn á fi ọ̀dà pupa yí i ká kí gbogbo èèyàn lè rí i. Mo bi í níbo ni odindi àwòrán náà wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó họ orí. Ó ní òun ti pa ìlàjì mọ́ lórí odindi náà nígbà tí òun gé e, odindi ti parẹ́, ìlàjì yẹn àti iwájú orí méjèèjì nìkan ló kù.

Ẹ bá mi wo irú èèyàn yìí. Kò ṣe òpè. Ǹ bá dárí ji òpè. Ó mọ àṣà náà dójú àmì, ó lè sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún lè fi ògiri gbọ̀ngán ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àṣà náà dé iwájú rẹ̀ lórí tábìlì, tó ń wò ó lójú kòrókòró, ó gé e sí méjì nítorí ẹ̀rọ sọ fún un pé ẹni kan ni. Ìyá kan sunkún, ó wá ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ tó lọ yóò fi dúró ti èyí tó kù, ọkùnrin yìí ní irọ́ ni. Ta ló bi í? Ta ló ní kó wá ṣe àyẹ̀wò? Àgbà ni lójú mi, "ẹ" ni mo ti ń bá a sọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n "o" ló jáde lẹ́nu mi.

"Pa á rẹ́."

"Mà?"

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Àti ìlàjì àwòrán, àti àpá, àti gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ò gbọdọ̀ rí àpá yẹn láéláé. Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Ó bẹ̀ mí. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí òótọ́ ni: ọkùnrin náà bẹ̀ mí. Ó ní kí àwọn yọ ọ́ kúrò lójú ayé, kí àwọn kàn fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Ó ní bí àwọn bá ti pa á rẹ́, kò ní í ṣe é gbà padà mọ́. Ó ní, "Ìbínú kò da nǹkan fúnni, mà." Mo ti kọ òwe yẹn sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ ju ìgbà tí mo lè kà lọ, ó wá dà bíi pé ó fi ata sí mi lójú. Mo ní bí kò bá pa á rẹ́ lójú mi níbi tí mo jókòó sí, mo máa pariwo títí gbogbo àdúgbò á fi gun àtẹ̀gùn yẹn wá. Ó mú bébà wá, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni mo ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ó yọ ọ́ lójú ìwé wọn. Ó pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ, ó pa á rẹ́ nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ó tún da inú pàǹtírí ẹ̀rọ náà nù, ó dà á nù. Mo dúró lé e lórí bí ẹni tó ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná.

Mo kọjú sí àwọn ará ilé. Nínú gúrúùpù ẹbí wa, mo kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi fọ́tò yẹn pamọ́, kí ó pa á rẹ́ báyìí, kí ó sì dá mi lóhùn. Èmi ni àkọ́bí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó tán. "Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi." "Mo ti pa á rẹ́, mà." Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló dáhùn kẹ́yìn, ó ní kí ló dé, mo ní kí ó kọ́kọ́ ṣe é ná kó tó béèrè. Ó ṣe é. Mo pa tèmi náà rẹ́. Mo wé bébà àti gíláàsì sínú aṣọ funfun, mo wọkọ̀ Òṣogbo, mo gbé e lé itan. Inú ọkọ̀ yẹn, mo ń gbéra ga. Mo ní mo jà fún ìyá mi.

Àwọn èèyàn ń ti ìrun alásárì bọ̀ nígbà tí mo dé Òkè-Baálẹ̀. Ìyá mi jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń so òwú pupa mọ́ra wọn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ti to irọ́ mi dáadáa: wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, Màmá, ó máa pẹ́ díẹ̀. Ó wo ohun tí mo gbé lọ́wọ́.

"Gbé e wá."

Ó tú aṣọ náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo apá òsì, kò wò ó pẹ́. Ó fi àtàńpàkò ra apá funfun yẹn, ó rà á sókè, ó rà á sílẹ̀. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn, mo bú olórí wọn, mo bú ẹ̀rọ wọn, mo bú ẹni tó kọ́ wọn níwèé. Ó jẹ́ kí n bú wọn tán.

"Mo ti rí i," ó ní. "Aránṣọ tó ń ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi fi í hàn mí lójú ìwé wọn lórí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀."

Mo ní, "Màmá, nípa àpá yẹn..."

"Àpá wo?" Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "O rò pé n ò mọ̀ ni? Ta ni wọ́n yà? Ṣé ẹlòmíràn ló lọ dúró níbẹ̀ fún mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí àwọn oníbàárà tó bá ń ná ohun tí wọn ò fẹ́ rà. "Mo rántí ọjọ́ yẹn. Onífọ́tò yà mí lápá òsì, ó ní kí n bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, ‘Ó yá, bá ẹ̀gbọ́n rẹ dúró. Má rẹ́rìn-ín o, òun kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń ṣe ojú?’ Mo ní mo rántí. Mo ṣe é. Mo di ẹnu pọ̀, mo sọ orí kalẹ̀, mo wò wọ́n báyìí. Ìyá mi rí i, ó pariwo, ó ní, ‘Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!’ Ó bú sẹ́kún. Láti ìgbà tó ti rìnrìn àjò, ìyá mi ò tíì sunkún."

Ó gbìyànjú láti ṣe ojú náà fún mi níbẹ̀, lórí àga ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó di ẹnu pọ̀, ó sọ orí kalẹ̀. Kò jọ ọ́. Ojú ìyá àgbà tí nǹkan ń dùn ni.

"Ṣé o rí i? N ò lè ṣe é mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé rẹ̀. Àwòrán yẹn ni mo fi ń rántí. Ojú mi kọ́ ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ni. Èmi ni mo bá a gbé e dúró."

Mo rọra gbé gíláàsì kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Nígbà tí obìnrin yẹn fi í hàn mí, inú kọ́kọ́ bí mi," ó ní. "Mo wá tún un rò. Láti ọjọ́ yìí, èmi ni gbogbo ayé ń rí. Èmi ni mo lọ́kọ, èmi ni mo bímọ, èmi ni wọ́n ń kí. Ẹ̀gbẹ́ mi ni òun ń dúró sí. Ó yá kí òun náà dá dúró kí ayé rí i. Bébà lè bàjẹ́, Alihamdulilahi, ṣebí o ní tibẹ̀ ò lè sọnù." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Obìnrin yẹn yára gba fóònù rẹ̀, n ò rí i yó. Bá mi fi í sínú tèmi."

Mo yọ fóònù mi jáde nítorí n ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo ṣí i. Mo wá inú rẹ̀, mo tún wá a, mo wọ gúrúùpù ẹbí, mo ń wo ìdáhùn àwọn àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ti wọ awò ojú rẹ̀. Ó sún àga mọ́ mi, ó na ọwọ́.

"Ó yá," ó ní, "jẹ́ kí n rí i dáadáa."